Àwọn Ará Abẹ́-Ebè àti Pátákó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àwọn òbí abúlé wa, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò sí. Ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ọmọ. Tíṣà á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún kọjá lórí àtàrí, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kó padà sóko lọ máa dàgbà. Láti ìgbà náà, mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi odindi ọ̀sán ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé, n kò sì tíì rí ìdánwò tó dá ara rẹ̀ lójú tó ti ọwọ́ àti etí yìí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ tò lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Ọwọ́ mi kan etí, ó tún kọjá lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí pé apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ nígbà yẹn. Ọwọ́ tirẹ̀ dé àárín orí, ó dúró. Ó kúrú. Kì í ṣe kúkúrú ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Ó kúrú bí ìyá bàbá wa ṣe kúrú, irú kúkúrú tó ti jókòó sílé rẹ̀ tí kò ní lọ síbì kankan. Tíṣà gbà mí wọlé, ó sì dá ẹ̀gbọ́n mi padà.

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí pé mò ń pè é ní "ó". "Ẹ̀yin" ni mò ń pè é lójú rẹ̀ láti kékeré títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, ó ní kí n má fi "wọ́n" kọ òun, pé àwọn tí kò mọ òun á rò pé òun ga.

Oko bàbá wa wà láàárín Lálúpọn àti Ìyànà Ọ̀fà, lẹ́yìn ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n mú un lọ, kó máa kó koríko bo orí ebè kí oòrùn má ba iṣu jẹ́. Èmi ń lọ sílé ìwé, mò ń kọrin A B D, mo sì ń bọ̀ wálé bí ẹni tó lọ ṣẹ́gun ìlú kan. Lọ́jọ́ kan, mo mú síléètì mi lọ bá a lóko, mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, mo sì dúró kó yìn mí. Kò yìn mí. Ó gbé koríko lé ebè kan lórí, ó rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bo ọmọ láṣọ.

Ó ní, "Àwọn ará Abẹ́-Ebè kò ní gba irú ẹ sílé ìwé wọn."

Mo bi í pé àwọn wo nìyẹn. Ó ní àwọn tó ń gbé inú ebè ni, pé bí ọwọ́ ọmọ bá ti kan etí lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní ó ti dàgbà jù, kó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Mo bú sẹ́kún. N kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìlú náà sílẹ̀ lójú mi ni, kó lè ní ibi tí wọn kò ti ní gbà mí. Nígbà tí mo fi mọ̀, ó ti pẹ́ jù, mo ti fẹ́ di ọmọ ìlú.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìlú Abẹ́-Ebè kì í ní àṣà tuntun. Èèyàn kúkúrú ni gbogbo wọn, wọn kì í ju igi kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń rọ irin. Àwókù ọkọ́ tí bàbá wa bá wá tì lóko, àwọn ló gbé e, wọ́n ti fi rọ abẹ́rẹ́. Inú ebè ni wọ́n ń gbé, ilé wọn sì ń há bí iṣu ṣe ń tóbi, tó fi jẹ́ pé tọkọtaya tó bá ń jà á sún mọ́ra tipátipá. Ìdí nìyẹn tí ìjà kì í fi í wọ́pọ̀ níbẹ̀ bí ìkórè bá ti ń sún mọ́. Bí àgbẹ̀ bá dé láti wa iṣu, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, wọ́n á sì kó lọ sínú ebè mìíràn. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ní irùngbọ̀n, irun àgbàdo ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àlejò tí wọ́n bá gbà sílùú, wọ́n á fún un ní tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìjòyè wọn. Wọn kì í jókòó sórí àga. Inú kòtò ni wọ́n ń jókòó sí, bí oyè bá sì ṣe tóbi tó ni kòtò ṣe ń jìn tó. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dá lọ́lá, wọn kì í wé láwàní fún un, ọkọ́ ni wọ́n ń gbé ránṣẹ́ sí i, kó lọ gbẹ́ ìjókòó rẹ̀ sí i. Ọba wọn ti jókòó jìn débi pé ohùn rẹ̀ nìkan ni àwọn aráàlú mọ̀, ohùn náà sì máa ń béèrè oúnjẹ. Mo ti rí oríṣiríṣi ìjọba láti ìgbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọba Abẹ́-Ebè fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò rẹ̀.

Bí èèyàn gíga bá ya ìlú wọn, wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀. Àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe wọ́n. Wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú ìnira òkè," wọ́n á sì ní kó jókòó kó tó sọ̀rọ̀, nítorí òfin wọn sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti òkè já bọ́ lè fọ́ èèyàn lórí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe olè jíjà. Kí èèyàn gun orí nǹkan kó lè dà bíi pé ó ga ni. Nǹkan tí ọwọ́ wọn kò bá tó, wọn kì í lọ bá a lókè, wọ́n á ní kó wá bá wọn nílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà fún ẹni gíga nílùú náà nìyẹn, kó máa mú nǹkan wálẹ̀. Amúwálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Oyè tí ẹ̀gbọ́n mi fi mí jẹ nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fún mi ní irùngbọ̀n, ó ní òṣìṣẹ́ ni mí, n kì í ṣe ọmọ ìlú.

Ọdún kejì, wọ́n tún mú un lọ síwájú tíṣà. Apá rẹ̀ kò gùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé àárín orí tó dúró, ó tẹ orí sí èjìká ọ̀tún, etí òsì sì gòkè wá bá ìka. Tíṣà ní ojóóró ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò sọ pé kí etí má rìn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti lé e padà. Bó ṣe wọ ilé ìwé nìyẹn, kíláàsì kan lẹ́yìn àbúrò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ abúlé fi mọ àṣà Abẹ́-Ebè ju àṣà ilé wọn lọ. Bàbá kan nínú ìjọ wa wá bá ìyá mi pé àwọn gbọ́ pé àwọn ọmọ ń bọ òrìṣà tuntun. Ààfáà tó múlé gbè wá náà wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá àlùjọ̀nnú ni wọ́n, kí òun lè mọ àdúrà tí òun máa gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó dá àwọn méjèèjì lóhùn bákan náà, ó ní àgbẹ̀ ni wọ́n. Ó tẹ́ ààfáà lọ́rùn. Bàbá ìjọ ní àwọn á máa wò ó ná.

Nígbà tó yá, mo dé yunifásítì. Ọkọ̀ kì í pẹ́ kó tó ti abúlé wa débẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wá sílé fún ọlidé, ńṣe ni mò ń ṣe bí ẹni tó ti òkè òkun bọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí à ń wọ̀ lọ jẹun alẹ́, bíi pé ìrẹsì kò ní mọ ẹnu wa bí a kò bá wọ̀ ọ́. Mo gbé e wálé kí wọ́n lè rí i. Ìyá mi fọwọ́ pa á, wọ́n ní aṣọ náà nípọn, wọ́n sì fi bo kòkó tí wọ́n sá nígbà tí òjò ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi parí ilé ìwé módà, ó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìwé abúlé wa gan-an. Iṣẹ́ yẹn ló ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà. Kò sì rọrùn. Tíṣà tó ṣáájú rẹ̀ ga bí òpó, ó sì gbé pátákó ìkọ̀wé kọ́ sí ibi tí ó bá èjìká òun mu. Wáyà ni wọ́n fi kọ́ ọ sórí ìṣó ńlá méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ títí, ìlà ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ni ẹfun rẹ̀ kàn.

Ẹni tó bá gbọ́n á ní kí wọ́n sọ pátákó náà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé ìwé ló dáwó rà á, wọ́n sì ti ṣí i bí ẹni ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n pe olórí ìjọ láti ìlú, wọ́n gbàdúrà, alága ìgbìmọ̀ sì sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ fi sùn. Bàbá oníkòkó ni alága náà, àgbà ìjọ sì ni wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú nǹkan tí àwọn ti fi àdúrà gbé kọ́. Wọ́n tún ní àwọn òbí ń ráhùn pé, bí àwọn bá yọjú láti ojú fèrèsé, àwọn kì í mọ èwo ni tíṣà, èwo ni ọmọ. Wọ́n ti bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fún àwọn ní ọkùnrin. Ọ̀gá alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa wá wo bí ó ṣe ń kọ́ni. Bí ẹnu ọ̀gá náà àti ti ìgbìmọ̀ bá bára mu, ẹ̀gbọ́n mi á kó ẹrù rẹ̀, kò sì sí ilé ìwé mìíràn tó máa gba ẹni tí ilé ìwé abúlé rẹ̀ ti kọ̀.

Kí àwọn èèyàn má bàa sọ pé àwọn rorò, alága fi àpótí kan ránṣẹ́ pé kó máa gùn ún kọ̀wé. Àpótí jíìnì ni. Bí ó ṣe dé ilé àgbà ìjọ, kò sẹ́ni tó béèrè.

Èmi ọmọ yunifásítì gbà á nímọ̀ràn pé kó gun àpótí náà, kó sì tún jẹ́ kí n bá a ra bàtà onígìgísẹ̀ gíga ní Dùgbẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i. Ó gbìyànjú àpótí náà ní kíláàsì níṣojú mi. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan, á sọ̀ kalẹ̀, á wọ́ àpótí síwájú, á tún gùn ún. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rín. Ńṣe ni wọ́n ń wo ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá bá àgbà pàdé níbi tí kò yẹ. Ọmọbìnrin kékeré kan níwájú, ọmọ ààfáà tó múlé gbè wá, ló nawọ́.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti kúrò ní Abẹ́-Ebè ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí àpótí náà, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì gùn ún mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá alábòójútó dé, alùpùpù ló gùn, ó wọ ṣòkòtò kákí péńpé tí sítáàsì ti mú kó le bíi páànù. Àwọn ìyá rò pé wòlé-wòlé ni, wọ́n sáré lọ bo ìkòkò omi wọn. Ó ga. Ó ní láti tẹ orí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì, alága sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó ti mọ bí ẹjọ́ ṣe máa parí. Èmi wà lẹ́yìn, mo wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ mi nínú ooru náà, kí ọlá yunifásítì lè ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Alága ti ní kí wọ́n gbé àpótí sábẹ́ pátákó, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Àwọn ọmọ dìde. Dípò "gúùdù mọ́nìn", gbogbo wọn kí i pa pọ̀ pé, "Ẹ kú ìnira òkè, sà."

Ọ̀gá béèrè ohun tí wọ́n sọ. Alága yára dáhùn pé ìnira ọ̀nà ni wọ́n ń kí i fún. Ọmọ ààfáà ní, "Rárá o sà, òkè ni. Àánú yín ló ń ṣe wá."

Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo àpótí aláṣọ funfun yẹn, ó wá wo ẹ̀yìn kíláàsì lọ́dọ̀ mi. Kò gbé ohùn sókè.

Ó ní, "Amúwálẹ̀."

Gbogbo orí yí padà sí mi. Mo ti gba ẹ̀bùn méjì ní yunifásítì, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìpè yẹn. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo rìn lọ síwájú, mo nawọ́, mo yọ wáyà kúrò lórí ìṣó, mo gbé pátákó aládùúrà náà wálẹ̀, mo sì fi ti ara ògiri. Alága dìde.

Wọ́n ní, "A ti gbàdúrà sí pátákó yẹn níbi tó wà."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Àdúrà náà á bá a wálẹ̀, sà."

Ó dìde, ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọmọ, wọ́n fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, wọ́n wá jókòó yí pátákó ká nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ínṣì, ẹsẹ̀ bàtà àti ọ̀pá. Ó ń rìn láti òpin pátákó kan dé èkejì, ọwọ́ rẹ̀ ń tó gbogbo rẹ̀, ẹfun ń kọrin. Àwọn ọmọ náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ kọ tiwọn, nítorí pátákó tí ọwọ́ tíṣà tó ti di èyí tí ọwọ́ tiwọn náà tó. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ní ìgbà tiwa, ibi tí ọgbọ́n ti ń já bọ́ lu wá ni pátákó.

Ọ̀gá kò rí nǹkan kan láti orí àga tí wọ́n gbé fún un, orí àwọn ọmọ ló ń rí. Ó dìde. Ó tẹ̀ ba. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó sì kérora díẹ̀. Ó ya ẹnu láti béèrè nǹkan, ọmọ ààfáà sì fi ìka hàn án ní ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jókòó kí ẹ tó sọ̀rọ̀, sà. Ó lè fọ́ èèyàn lórí."

Kò sí ẹní, ilẹ̀ sì kún fún ẹfun. Mo rí i pé ó ń wo ṣòkòtò rẹ̀. Mo mú ẹ̀wù yunifásítì mi, mo tẹ́ ẹ, ọ̀gá alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ méjèèjì sáàárín àwọn ọmọ, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bí ó ṣe jókòó tí ẹ̀gbọ́n mi dúró, ojú wọn dọ́gba. Ọ̀gá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. Kò gbójú sókè, ọ̀gá náà kò sì wo àtàrí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aláṣẹ kan wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá dìde láti sọ ìpinnu rẹ̀. Ó wo ọmọ ààfáà. Ó tún jókòó.

Ó ní, "Bàbá alága, kò sóhun tó ń ṣe tíṣà yìí. Pátákó yín ló ga jù."

Alága wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí, wọ́n sì rí àpótí jíìnì wọn, aṣọ funfun sì wà lórí rẹ̀. Àpótí náà ti gbó. Igi rẹ̀ já, wọ́n rì wọ inú rẹ̀ títí dé ìbàdí, ẹsẹ̀ wọn sì wà lókè. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ bú sí àtẹ́wọ́, kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń kan sáárá sí wọn ni, nítorí nílùú Abẹ́-Ebè oyè ńlá ni alága ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yẹn. Ọmọ kan tilẹ̀ ní ká lọ gbé ọkọ́ wá fún wọn. Alága, tí wọ́n kì í kọ àtẹ́wọ́ níbikíbi, juwọ́ sí wọn láti inú àpótí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kó ẹrù. Pátákó náà kò gòkè mọ́. Tíṣà ọkùnrin kan tó wá lẹ́yìn ìgbà náà, ìjókòó ló fi ń kọ́ni.

Lọ́dún tí mo gba oyè yunifásítì, bàbá wa pa ewúrẹ́, ìyá mi se ìrẹsì, gbogbo abúlé sì pé sí àgbàlá wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó gùn, àwọn gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí èmi fúnra mi kò lóye. Mo wọ ẹ̀wù tuntun, mo gun àga kan kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí mi, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti àárín àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀.

Ó ní, "O kú ìnira òkè, àbúrò mi."

Gbogbo àwọn ọmọ náà gbè é. Mo ká ìwé mi sínú àpò. Mo wá sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sí ilẹ̀ gbígbẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi àti ìyá mi, ó sì tán. Kò pẹ́ rárá. Ìyá mi ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn máa gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá síwájú mi. Bí mo ṣe jókòó, ojú wa dọ́gba. Ó mú irun àgbàdo tútù kan jáde látinú ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ mi lágbọ̀n, ó fà á wò bóyá ó dì, ó sì padà sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń yún mi gan-an. N kò yọ ọ́ títí tí gbogbo àlejò fi lọ.